Ẹnu Kan Ló Kù

Ìbídùn ka Ìwé Ìdí tán, kò sí ẹsẹ̀ kan tó mira nínú gbọ̀ngàn.

Ó ka Ìwé Ààlà. Ẹnì kan wúkọ́. Ó ka Ìwé Ewu, ó sì yọ́jú wo iná gíga tó wà lára ògiri, bóyá yóò tilẹ̀ pọ́n díẹ̀ nísàlẹ̀. Iná náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo Èbúté Tuntun ló jókòó síwájú rẹ̀, tọmọdé tàgbà, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn òjò tó ń rọ̀ nílùú ẹlòmíràn.

"Ìbídùn ọmọ Ṣógbèsan," Olóyè Kúṣìmọ́ tó jẹ́ olórí ìpàdé ló sọ̀rọ̀, ó sì fi ẹ̀rín sí i kó má bàa dun ọmọ ọlọ́mọ jù. "Ìwé rẹ péye. A rí ìdí tí a fi fẹ́ kọ́ afárá, a rí ibi tí iṣẹ́ yóò dé àti ibi tí kò ní dé, a sì rí ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mì."

"Bàbá, ṣé ìwé iṣẹ́ ń jó ni?"

"Ìwé kọ́ ló ń jó, àwa ni. Òfin sì ni."

Òfin ni lóòótọ́. Ní Ayé Àpatì, nígbà tí òkun kò tíì gun etíkun tó lé gbogbo wa wá sórí ọ̀sà, ọwọ́ ni wọ́n ń fi sí ìwé iṣẹ́, ojú wa sì rí ibi tó já sí: afárá tó dé agbedeméjì omi tó dúró síbẹ̀, ilé ìwòsàn tí ewúrẹ́ ń bímọ sí, òpó iná tí kò rí iná rí. Àwọn tó ṣòfin tuntun wá ní ọwọ́ a máa purọ́, ẹsẹ̀ kì í purọ́. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ là ń fi sí ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ ará ìlú lára, wọn á dìde, wọn á jó, pákó ilẹ̀ gbọ̀ngàn á gbọ̀n, iná ara ògiri á pọ́n nísàlẹ̀, á sì máa gòkè títí yóò fi di aláwọ̀ ewé. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, kí oníwèé kó ìwé rẹ̀ lọ sílé.

Akọ̀wé Lámídì dìde. Ọkùnrin yìí ti ń bá ìlú kọ̀wé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, kò sì sí ìwé tó kọ rí tí ilẹ̀ kò mì fún. Ọmọlúàbí ni, a kò lè purọ́ mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti kan ilẹ̀kùn Ṣógbèsan láti sọ pé òun dúpẹ́ àná, nítorí ẹja méjì tí wọ́n fún un. Ìbídùn tó ń sùn lọ́wọ́ ráhùn pé àwọn ará ibí yìí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá oore. Àléébù kan ṣoṣo tí Lámídì ní ni pé ẹnu rẹ̀ dùn jù.

"Ẹ jẹ́ kí n bá a fi iyọ̀ sí i," ó ní. Ó tún fìlà ṣe. "Afárá yìí yóò jẹ́ afárá tí gbogbo ayé yóò wá wò! Ọba yóò rìn ín, ìjòyè yóò rìn ín! Ẹni tó bá gba orí rẹ̀ kọjá, kò ní fẹsẹ̀ kọ láyé! Ẹ ṣàmín!"

"Àmín!"

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ti dìde. Ẹnì kan ti dá orin. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná sì pọ́n nísàlẹ̀ ògiri, ó gòkè, ó tún gòkè.

"Ẹ dúró!" Ìbídùn pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná!"

Ó pariwo nítorí pé Akàwé ti lajú. Akàwé ni ẹ̀rọ tó wà láàárín gbọ̀ngàn, ó tóbi tó ìkòkò aró, ó lójú dígí kan ṣoṣo, ohùn àgbàlagbà Ọ̀yọ́ kan tó mọ ìwà á hù ni wọ́n sì fi sí i lẹ́nu. Kì í bínú, kì í ṣàwàdà. Ohun tí ẹ bá kọ ni yóò gbà gbọ́.

"Ẹ dákun o, ẹ ṣeun ọ̀rọ̀ dídùn," Akàwé ní. "Ẹ jẹ́ kí n bèèrè. Gbogbo ayé, ènìyàn mélòó ni? Ọjọ́ wo ni ẹni ìkẹyìn nínú wọn yóò dé? Ẹni tí kò sì ní fẹsẹ̀ kọ láyé, ṣé kí n máa ṣọ́ ọ títí yóò fi kú, kí n tó ṣí ẹ̀gbà tí a ó bọ̀ sí Ìbídùn lẹ́sẹ̀?"

Orin dáwọ́ dúró. Iná rọ̀ wálẹ̀, ó kú. Gbogbo ojú yí padà, kì í ṣe sọ́dọ̀ Ìbídùn, bí kò ṣe sí ìlà kẹta, níbi tí Ṣógbèsan bàbá rẹ̀ jókòó sí, tó ń rọra fa ẹsẹ̀ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ àga.

Ẹ̀gbà dúdú kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ náà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Ìbídùn ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ṣógbèsan ló kọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ omi iyọ̀ ọ̀sà di omi dídùn fún ìlú, òun ló sì gba Ìwé Àṣẹ tó fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá gba Ìwé Àṣẹ, wọn yóò bọ ẹ̀gbà sí i lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbà náà kò sì ní ṣí títí Gbólóhùn Òpin yóò fi ṣẹ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí ojú yóò rí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Bí ẹni náà bá ń tu ọkọ̀ lọ sí òpó ààlà ìlú, ẹ̀gbà á máa wúwo, á máa wúwo, títí ọkọ̀ yóò fi dúró gbagidi. Lámídì ló kọ Gbólóhùn Òpin ti ọjọ́ náà: Iṣẹ́ yìí parí ní ọjọ́ tí gbogbo ẹnu tó wà nílùú yìí lónìí bá dúpẹ́ omi. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lábẹ́ ijó.

Omi dé, ó sì dùn. Ará ìlú tò síwájú Akàwé, wọ́n ń dúpẹ́ níkọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́ tó dúpẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dúpẹ́, Ìyá Arólá tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀, àdúgbò ìlú yìí tó wà ní òdìkejì omi. Kò sọ pé omi kò dára. Kò ṣáà dúpẹ́ ni. "Ẹnu kan ló kù," ni Akàwé máa ń sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbàkúùgbà tí Ṣógbèsan bá ń kọjá lọ. Ohun tí a bá sì ti fi èdìdì dì, òfin ní a kò gbọdọ̀ tú u.

Bí Ṣógbèsan kò ṣe tíì fojú kan ilé ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn. Nígbà ìgbéyàwó, àwọn àna ló wọ ọkọ̀ wá, wọ́n ń bì lójú omi títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ìbídùn kọ́ yàrá kan tó kọjú sí òkè, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó gbé àga kan sí ojú fèrèsé, ó ní yàrá bàbá òun nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tíì sùn níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbá a, ó sì máa ń dùn ún bó ṣe ń gbá a.

Ìdí nìyí tó fi búra pé ọ̀rọ̀ dídùn kan kò ní wọ ìwé òun. Òun náà lọ́kọ, òun náà lọ́mọ tó ń dúró dè é nílé. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè bá a wí.

"Ìbídùn," Olóyè ní, "ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí jù nínú gbogbo ọmọ wa. Ṣùgbọ́n wo ìta."

Ó wo ìta. Ahunfárá dúró sí èbúté, ẹ̀rọ gàgàrà tó ń jẹ koríko ojú omi, tó sì ń fi í hun afárá tó lè bá omi lọ sókè sódò. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìlú yìí ti ń tò dè é.

"Bí omi bá yí padà lọ́sàn-án yìí tí ìwé wa kò tíì gba èdìdì, ìlú tó kàn ló ń lọ. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ yóò tún jókòó sílé nígbà ìjì, wọn kò ní rí ilé ẹ̀kọ́ lọ."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ẹ dákun," Akàwé dá sí i, "ó tún ku nǹkan kan. Nínú Ìwé Ẹni-Ọ̀rọ̀-Kàn, n kò gbọ́ ohùn Ìyá Arólá. Iwájú ilé rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ afárá yóò balẹ̀ sí."

Ìbídùn wolẹ̀. "N kò bi wọ́n."

"Kí ló dé?"

"Wọn kì í dáhùn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé wọn kì í dáhùn."

Ẹ̀rín pa àwọn kan. Olóyè kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí a fẹ́ gbé ẹsẹ̀ afárá sí lẹ́nu ọ̀nà, a kì í ṣe bí ẹni tí kò rí i. Wọ ọkọ̀, kí omi tó yí."

*

Ṣógbèsan ló tu ọkọ̀. Fìlà tó dára jù lọ ló dé, ó ti fi òróró pa ẹsẹ̀, ó sì gbé agbọ̀n ẹja yíyan kékeré kan sí iwájú ọkọ̀.

"Bàbá, ṣé bí ẹ ṣe máa ń múra lójoojúmọ́ nìyí?"

"Ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ kì í wọ àkísà."

Ó ń fi imú kọrin. Inú bí Ìbídùn díẹ̀. Lójoojúmọ́ ni bàbá rẹ̀ ń sọdá omi yìí lọ bẹ obìnrin kan pé kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, obìnrin náà kò sì sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n wá ń fìyà jẹ báyìí ló tún ń kọrin. Ó rò ó títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀, kò yé e.

Ìyá Arólá ti rí wọn lókèèrè, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, irun rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ sì mú. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kó dìde, ó bèèrè ọkọ rẹ̀, ó bèèrè ọmọ rẹ̀, ó tilẹ̀ bèèrè ikọ́ tó ń ṣe ọmọ náà lóṣù tó kọjá. Ta ló sọ fún un pé ọmọ wúkọ́?

"Ìyá Arólá, mo tún dé o," Ṣógbèsan ní. "Mo wá bẹ̀ yín ni. Ṣé ẹ ó dúpẹ́ omi lónìí?"

"Omi wo?" Ìyá Arólá ní, ife omi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mu ún, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ wọlé jàre, Bàbá Ìbídùn. Ìkọ́kọ́rẹ́ ti ń tutù."

"Ó dáa. Lọ́la náà ọjọ́ ni." Ṣógbèsan ti ṣí fìlà kó tó sọ ọ́ tán.

Ìṣó kan wà lára ògiri, ó fi fìlà kọ́ ọ láìwẹ̀yìn. Àga kan wà tó ti tẹ̀ ní ìwọ̀n ìdí rẹ̀. Abọ́ méjì ti wà lórí tábìlì kí wọ́n tó dé, Ìyá Arólá sì wá lọ mú ẹ̀kẹta fún Ìbídùn. Níwájú àga náà ni àpótí ìtìsẹ̀ kékeré kan wà, wọ́n fi owú àti aṣọ rírọ̀ bò ó, wọ́n sì gbẹ́ kòtò róbótó kan sí i lójú. Ṣógbèsan gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e. Ẹ̀gbà dúdú wọ inú kòtò náà rẹ́gí. Ìbídùn wo ìtìsẹ̀ náà, ó wo Ìyá Arólá. Ìyá Arólá ń wo ìkòkò ọbẹ̀.

Wọ́n jẹun. Ìkọ́kọ́rẹ́ náà dùn, ó bí Ìbídùn nínú pé ó dùn. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, Ṣógbèsan ní òun fẹ́ lọ kan pákó kan tó ń mì ní ẹsẹ̀ èbúté Ìyá Arólá, ó sì mọ ibi tí òòlù wà. Ó ku àwọn obìnrin méjì.

Ìbídùn fa wàláà dígí rẹ̀ yọ láti inú àpò. "Màmá, òfin ní kí n bi yín. Kí lẹ fẹ́ kí afárá yìí ṣe fún yín, kí lẹ kò sì fẹ́?"

"O ń bínú sí mi."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín, Mà."

"Ìyẹn ni mo dáhùn."

"Mo ń bínú sí yín!" Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ò tíì rí ilé mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ ń mu omi wọn, ẹ ò dúpẹ́. Kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

Ìyá Arólá tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó tún un dì. "Wọn ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ọmọ mi, bí mo bá dúpẹ́ lónìí, kí ló máa gbé wọn wá lọ́la?"

Ìbídùn gbé wàláà lé itan.

"Arólá wà nílé ọkọ, ó jìnnà. Opó ni mí. Opó kì í ránṣẹ́ sí ọkùnrin pé kó wá bá òun jẹun láàárọ̀, àwọn ènìyàn á sọ ọ́ kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀, ta ló máa ní kó má wọlé?"

Ìbídùn fẹ́ bínú. Ó ti gbé ìbínú yẹn ti Ìbàdàn wá, ó ti tọ́jú rẹ̀ pẹ́, kò yẹ kó ṣòfò. Ẹ̀rín ló bú jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé wàláà bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Má fi mí rẹ́rìn-ín jàre," Ìyá Arólá ní, ẹ̀rín sì ti ń yọ lẹ́nu òun náà.

"Afárá ńkọ́, Mà? Ẹ kò fẹ́ ẹ ni?"

"Ta ló ní n kò fẹ́ ẹ? Ní ọjọ́ ìjì, wọn kì í lè wá. Mo máa ń jókòó ti abọ́ méjì. Bí afárá bá wà, èmi náà á lè rìn lọ wò wọ́n, bóyá wọ́n ti jẹun." Ó gbé ojú sá. "Àmọ́ bí mo bá débẹ̀, kí ni mo fẹ́ ní mo wá ṣe? Ojú á tì mí."

Ìbídùn nu ojú. Ó kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Arólá sínú Ìwé Ẹni-Ọ̀rọ̀-Kàn, gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí ojú ti ń tì í. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ bá bàbá rẹ̀ níbi pákó.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ìdí tí wọn kì í fi dúpẹ́?"

Ṣógbèsan kan ìṣó kan wọlé kó tó dáhùn. "Mo ti mọ̀ tipẹ́."

"Ẹ sì ń bẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́!"

"Mo ń bẹ̀ wọ́n. Bí mo bá ń bọ̀ lójú omi, mo máa ń gbàdúrà kí wọ́n má gbà." Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n yàrá rẹ yẹn, Ìbídùn. Nígbà tí ọmọ rẹ ya àwòrán rẹ̀ fún mi, n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Má rò pé kò dùn mí."

Ìbídùn dì mọ́ ọn lórí pákó tó ń mì náà. Omi ti ń rọra fà sẹ́yìn lára òpó. Ó jókòó sẹ́nu ọkọ̀, ó gbé wàláà lé orúnkún, ó kọ gbólóhùn kan, ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ké sínú ilé pé, "Màmá, ẹ wá wọ ọkọ̀! Òfin ní kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́!"

*

Nígbà tí Ìyá Arólá wọ gbọ̀ngàn, ariwo gbogbo rọlẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wá síbẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn kan rò pé ìjà ló fẹ́ wá jà, wọ́n sì fún un láyè dáadáa.

Ìbídùn kò tún ìwé tó kù kà. "Gbólóhùn Òpin nìyí," ó ní. "Iṣẹ́ yìí parí ní ọjọ́ tí Ìyá Arólá bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé Ṣógbèsan, nígbà tí omi bá kún, tí etí aṣọ rẹ̀ kò sì tutù, láti lọ wò bóyá ó ti jẹun."

Ìyá Arólá fi gèlè bojú. Ẹnì kan wá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, òmíràn tẹ̀ lé e, ó sì dàbí ẹni pé gbogbo ìlú ti mọ ohun kan tipẹ́tipẹ́ tí kò sẹ́ni tó láyà láti sọ. Àwọn obìnrin dìde. Àwọn ọkùnrin dìde. Iná pọ́n, ó gòkè.

"Ẹ dákun," Akàwé ní, "ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ṣé ọ̀pá wà nínú rẹ̀?"

"Ọ̀pá wà nínú rẹ̀."

"Kí omi kún dé ibo?"

"Dé àmì funfun tó wà lára òpó èbúté."

"Bí kò bá lè rìn mọ́ ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Lámídì ké.

"Mo ti kọ ọ́," Ìbídùn ní. "Bí ìyá kò bá lè rìn ín, Arólá ọmọ rẹ̀ ni yóò rìn ín."

"Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere," Akàwé ní. "N kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìlú yìí." Lámídì wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ìwé Ewu kò tíì pé. Bí ó bá lè rìn, tí kò sì wù ú ńkọ́? Ẹni yìí náà ni ẹnu kan tó kù. N kò lè fi èdìdì di iṣẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ti kọ̀ rí."

Iná dúró lójú kan. Lóde, Ahunfárá fun fèrè àkọ́kọ́, omi ti ń yí. Gbogbo ojú wà lára Ìyá Arólá, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, afárá lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, òun nìkan ló mọ ohun tí yóò pàdánù.

Ó dìde. Ó tún aṣọ ró. Kò wo Akàwé, Ṣógbèsan ló kọjú sí.

"Bàbá Ìbídùn."

"Mo ń gbọ́, Ìyá Arólá."

"Omi yín dùn. Ó ti dùn láti ọjọ́ kìn-ín-ní." Ó tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ẹ̀gbà dúdú ṣí. Ó bọ́ sórí pákó, ó ró gbà, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ.

"Ẹnu ti pé," Akàwé ní.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, n kò mọ bí n ó ṣe sọ ijó náà fún yín. Olóyè Kúṣìmọ́ ju bàtà nù. Lámídì sunkún, ó ń jó, ó ń bẹ Ṣógbèsan lẹ́ẹ̀kan náà pé kó forí jì òun nítorí gbólóhùn ọjọ́sí. Iná gun òkè ògiri, ó di ewé tútù, ó tilẹ̀ tún fẹ́ kọjá ibẹ̀. Ìbídùn na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú Akàwé, wọ́n bọ ẹ̀gbà tuntun sí i, ó gbóná díẹ̀ lára rẹ̀ bí ọwọ́ ènìyàn. Ẹ̀rù kò bà á. Ó mọ ohun tí yóò ṣí i. Lóde, Ahunfárá ti la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko.

Ìyá Arólá nìkan ni kò jó. Ó jókòó sétí ògiri, ó ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u. Ó ń wo Ṣógbèsan tó ń fi ọwọ́ pa ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí awọ ara ti funfun. Nígbà tí Ìbídùn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tọ́pẹ́. "Kí bàbá rẹ lọ wo yàrá wọn. Ó tó gẹ́ẹ́," ó ní. Kò dúró gba oúnjẹ. Ọmọ àdúgbò rẹ̀ kan ló tu ọkọ̀ gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ìró àjẹ̀ ló jí Ìbídùn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ó jáde síta, ó bá bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀, fìlà tó dára jù lọ wà lórí rẹ̀, agbọ̀n ẹja wà níwájú ọkọ̀.

"Bàbá, níbo? Kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́, wọ́n ti dúpẹ́!"

Ṣógbèsan wò ó bí ẹni tó ń ronú pé bóyá òun kò kọ́ ọmọ yìí nílé dáadáa.

"Ìbídùn, wọ́n ṣe mí lóore lánàá. Ṣé n kò ní lọ dúpẹ́ àná ni?"

Ó ti ọkọ̀ kúrò létí èbúté. Omi dákẹ́ láàárọ̀ yẹn, ó sì ń gbé ohùn jìnnà. Ìbídùn gbọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, ó gbọ́ ohùn Ìyá Arólá tó ń bèèrè pé ta nìyẹn, bí ẹni tí kò gbà gbọ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ketekete: "Ẹ ṣeun àná o! Mo tún wá bi yín ní nǹkan kan. Ṣé òòyì ọkọ̀ máa ń kọ́ yín lójú ni? Ìbàdàn jìnnà díẹ̀."

"Ẹ wọlé ná," Ìyá Arólá ní. "Ta ló ń dáhùn irú ìyẹn lórí ìdúró?"

Ìbídùn wo ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ránṣẹ́ sí Wándé ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn pé kó gbé àga kejì sójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó lọ bá Ahunfárá, iṣẹ́ ti yá.